Òdòdó tó ń lalẹ̀ hù nínú ọgbà ìgbafẹ́ àdúgbò: ìbéèrè tí ẹ máa ń bi wá, àti ìdáhùn wọn

Ọgbà ìgbafẹ́ tí wọ́n bá jẹ́ kí òdòdó inú koríko ráyè hù kì í wu gbogbo ojú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àwọn kan á ní ó rí játijàti, àwọn kan á ní ó lẹ́wà, ẹlòmíì á kàn fẹ́ mọ orúkọ ohun tó lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò òun. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi àwa tí à ń tọ́jú ọgbà jù la kó jọ síbí. Ọ̀rọ̀ àsìkò ni ọ̀pọ̀ nínú ìdáhùn wa máa ń já sí, torí ìgbà tí a gé koríko ṣe pàtàkì ju ohunkóhun tí a lè gbìn lọ.

Kí ló dé tí ẹ gé apá kan, tí ẹ wá fi apá kejì sílẹ̀ tó ga dé orúnkún?

A mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ibi tí àwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù àti ibi tí àwọn àgbàlagbà ń tẹ́ ẹní sí, a máa ń gé e mọ́lẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ kì í sábà tẹ̀ la fi sílẹ̀ fún òdòdó.

Ẹ wo bí koríko àti òdòdó ṣe ń dàgbà, ẹ ó rí ìdí ẹ̀. Ìsàlẹ̀, nítòsí ilẹ̀, ni koríko ti ń ti ewé tuntun jáde, torí náà bí ẹ̀rọ agékoríko bá gé e lórí, á tún yọ ni. Ọ̀pọ̀ òdòdó ní tiwọn, òkè ni wọ́n ti ń dàgbà, òkè náà ni wọ́n sì ń rúdí sí. Bí irin bá ń gba orí wọn kọjá ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, wọn ò ní tanná, wọn ò ní so, irúgbìn ò sì ní sí nílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀. Èyí tó bá ń fi ara wọ́lẹ̀, bí igbálódè àti patanmọ́, ló máa ń là á já. Ìdí nìyẹn tí pápá tí wọ́n ń gé ṣáá fi máa ń ní òdòdó oríṣi kan tàbí méjì péré.

Ohun tó ń sọnù kì í ṣe kékeré. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, láti àwọn ọdún 1930 títí dé àwọn ọdún 1980, nǹkan bí ìdá 97 nínú 100 àwọn pápá olódòdó wọn ló pòórá, torí pé wọ́n tú ilẹ̀ wọn, wọ́n da ajílẹ̀ sí i, wọ́n sì gbin koríko ẹran síbẹ̀. Lọ́dún 2019, Plantlife, ẹgbẹ́ kan tó ń dáàbò bo ewéko, bẹ̀rẹ̀ ìpolongo níbẹ̀ pé kí àwọn èèyàn má gé koríko ní oṣù Karùn-ún. Ìpolongo dáadáa ni, àmọ́ ìgbà ìrúwé tiwọn ni oṣù yẹn bá mu. Níbi tó bá jẹ́ pé òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ló ń pín ọdún, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ń tanná lóṣù náà kí ẹ tó ṣe bíi tiwọn.

Ìgbà wo gan-an ló wá yẹ kí á gé e?

Lẹ́yìn tí irúgbìn bá ti gbó tó sì ti bọ́. Ẹ má wo kàlẹ́ńdà nìkan. Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ orí òdòdó tó ti gbẹ, kí ẹ gbọ̀n ọ́n díẹ̀. Bí irúgbìn tó bọ́ sí yín lọ́wọ́ bá ti dúdú tàbí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tó sì le, ó ti tó gé nìyẹn. Bó bá ṣì ní àwọ̀ ewé, tó rọ̀, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i.

Ní ilẹ̀ olótùútù, ìparí ìgbà ooru ni èyí sábà máa ń bọ́ sí, wọ́n sì máa ń gé e lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ní ilẹ̀ olóoru, ìgbà tí òjò bá ti ń kásẹ̀ ńlẹ̀ ló dáa jù. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ wọnú ẹ̀ẹ̀rùn, torí koríko gíga tó ti gbẹ, iná ló ń dúró dè. Bí kò bá sí ọ̀nà míì, ẹ gé etí ọgbà yípo kó fẹ̀ dáadáa, kí iná tó bá sá wá láti ìta má bàa rí ohun tó máa jó. Ẹ má sì fi iná sun pápá náà fúnra yín kí iṣẹ́ lè yá. Ẹyin labalábá, ìgbín àti kòkòrò tó ti sùn sínú igi òdòdó kò ní ẹsẹ̀ tí wọ́n á fi sá.

Nǹkan méjì ni àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́ sábà máa ń gbàgbé. Àkọ́kọ́, ẹ má gé gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ gé ìdajì, ẹ fi ìdajì sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí àwọn ohun abẹ̀mí inú rẹ̀ lè rí ibi kó lọ. Ìkejì, ẹ jẹ́ kí ohun tí ẹ gé sùn sílẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ kan kí irúgbìn tó kù lè bọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ kó o kúrò pátá. Bó bá jẹrà síbẹ̀, ilẹ̀ á lọ́ràá, koríko líle ló sì ń gbádùn ilẹ̀ ọlọ́ràá jù. Á ga, á bo òdòdó mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin ò ṣe wá da ajílẹ̀ sí i kí òdòdó lè pọ̀?

Ohun tó ń pa wọ́n nìyẹn. Òdòdó tó ń lalẹ̀ hù ti mọ́ra pẹ̀lú ilẹ̀ tí kò lọ́ràá, níbi tí koríko kò ti lè lágbára jù ú lọ. Ajílẹ̀ dára fún oko. Kò dára fún pápá òdòdó.

Kí ló ń sọ fún òdòdó pé àsìkò rẹ̀ ti tó?

Òjò, ooru tàbí òtútù, àti gígùn òru. Lọ́dún 1920, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Garner àti Allard, kọ ọ́ jáde pé gígùn ojúmọmọ ló ń sọ fún àwọn ewéko kan ìgbà tí wọ́n máa tanná. Irú tábà kan ló rú wọn lójú. Á ga lọ títí ní gbogbo ìgbà ooru, kò ní tanná, àfi ìgbà tí ojúmọmọ bá ń kúrú. Wọ́n gbé e wọ inú òkùnkùn ṣáájú ìrọ̀lẹ́, wọ́n fi dín ojúmọmọ rẹ̀ kù, ó sì tanná láàárín ìgbà ooru. Lẹ́yìn wọn ni ìwádìí wá fi hàn pé gígùn òkùnkùn gan-an ni ewéko ń wọ̀n.

Èyí ló fà á tí iná mànàmáná tó ń tàn mọ́jú lórí pápá òdòdó fi lè da àsìkò wọn rú. Bí ọgbà yín bá ní iná, ẹ dorí rẹ̀ kọ ojú ọ̀nà.

Bí ibì kan bá ṣe sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé tó, bẹ́ẹ̀ ni gígùn òru àti ojúmọmọ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láàárín ọdún. Níbẹ̀, òjò ló sábà máa ń pàṣẹ. Àkọ́rọ̀ òjò á rọ̀, irúgbìn tó ti sùn á jí. Ní ilẹ̀ olótùútù ẹ̀wẹ̀, àwọn ewéko kan wà tí wọn ò ní tanná láé bí òtútù kò bá kọ́kọ́ mú wọn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Mo wá lọ́sàn-án, gbogbo òdòdó tí ẹ sọ ti kú. Aago mélòó ni kí n máa wá?

Ní àárọ̀, kí oòrùn tó le. Gòdògbó máa ń ṣí òdòdó aláwọ̀ búlúù rẹ̀ láàárọ̀, bí ọ̀sán bá sì fi máa tó, èyí tó ṣí lónìí ti rọ, kò sì ní ṣí mọ́. Òmíràn ni á ṣí lọ́la. Tanná-pa-oṣó ní tiẹ̀ kì í ṣí títí di ìrọ̀lẹ́, ó sì ń ta sánsán lálẹ́ kí àwọn àfòpiná lè rí i. Carl Linnaeus, ará Sweden tó fún ọ̀pọ̀ ewéko lórúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n títí dòní, kọ ọ́ lọ́dún 1751 pé èèyàn lè fi òdòdó tó ń ṣí àti èyí tó ń padé mọ aago. Ṣùgbọ́n bí ìkùukùu bá bo ojú oòrùn, wọ́n lè pẹ́ kí wọ́n tó ṣí.

Èwo ni kí n kọ́kọ́ wá nínú koríko?

Bó bá jẹ́ ilẹ̀ olóoru lẹ wà, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí igbálódè. Ó wà níbi gbogbo, àwọn èèyàn ń tẹ̀ ẹ́ kọjá. Ẹ lóṣòó tì í. Igi tín-ín-rín gígùn kan á gbé orí òdòdó kékeré kan sókè: àárín rẹ̀ pọ́n bí pupa inú ẹyin adìẹ, etí rẹ̀ ní ewé òdòdó funfun bíi márùn-ún, ẹnu ewé òdòdó kọ̀ọ̀kan sì pín sí mẹ́ta. Ohun tí ẹ rí bí òdòdó kan yẹn, ọ̀pọ̀ òdòdó wínníwínní ni, wọ́n kóra jọ sórí ìjókòó kan. Bó bá gbó, irun funfun á yọ lórí irúgbìn kọ̀ọ̀kan, afẹ́fẹ́ á sì gbé e lọ.

Gòdògbó tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan tún ní nǹkan míì tó ń yà mí lẹ́nu títí dòní. Oríṣi rẹ̀ kan wà tí ewé rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, tó máa ń tanná sábẹ́ ilẹ̀ pẹ̀lú. Òdòdó abẹ́ ilẹ̀ yẹn kì í ṣí rárá, ara rẹ̀ ló ń fún lóyún, á so síbẹ̀, irúgbìn á sì wà nípamọ́ níbi tí ẹnu ewúrẹ́ àti irin agékoríko ò lè dé. Bí ẹ bá fà á tu jẹ́jẹ́ lẹ́yìn òjò, ẹ wo ara gbòǹgbò rẹ̀ dáadáa.

Imí eṣú náà wà níbẹ̀, òdòdó rẹ̀ funfun tàbí kó ní àwọ̀ búlúù fífẹ́lẹ́. Abẹ́rẹ́ olóko lẹ ó mọ̀ nígbà tí ẹ bá délé tí ẹ rí i lára aṣọ: orí irúgbìn rẹ̀ ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tó ní ìkọ́, aṣọ yín ló sì fi ń rìnrìn àjò.

Patanmọ́ ni ti àwọn ọmọdé. Bí ọwọ́ bá ti kan ewé rẹ̀, omi á sá kúrò ní apá kan oríkèé kékeré tó wà ní ìdí ewé náà, ibẹ̀ á rọ, ewé á sì padé. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má fọwọ́ kàn án lemọ́lemọ́ o. Bó bá ti padé, kò lè gba oòrùn tó bó ṣe yẹ mọ́.

Ṣé gbogbo èyí tó lalẹ̀ hù ló jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà?

Rárá. Igbálódè, patanmọ́ àti imí eṣú, ilẹ̀ olóoru Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá kí wọ́n tó tàn ká Áfíríkà àti Éṣíà. Ibẹ̀ náà ni ewé Akíntọ́lá ti wá. Ohun tí à ń wò ni ìwà tí wọ́n ń hù. Igbálódè ń jẹ́ kí òdòdó míì gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, oyin àti labalábá sì ń jẹ lórí rẹ̀, torí náà a fi í sílẹ̀. Ewé Akíntọ́lá ní tiẹ̀ á ga ju gbogbo wọn lọ, á dí oòrùn mọ́ wọn, irúgbìn rẹ̀ tí kò lóǹkà á sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Ṣe la máa ń fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kó tó tanná. Iṣẹ́ yìí le, ọdọọdún la sì ń ṣe é.

Ẹ ò gbìn ín. Ibo wá ni irúgbìn ti wá?

Inú ilẹ̀ yẹn náà ni. Irúgbìn máa ń sùn sínú ilẹ̀ fún ọdún púpọ̀, á máa dúró de oòrùn àti omi. Lọ́dún 1879, William Beal ní Michigan, ní Amẹ́ríkà, ri ogún ìgò tó kún fún iyanrìn àti irúgbìn èpò mọ́lẹ̀, pé kí wọ́n máa hú u lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ bí wọ́n ṣe lè pẹ́ tó láìkú. Wọ́n hú ọ̀kan nínú wọn lọ́dún 2021, lẹ́yìn ọdún 142, díẹ̀ nínú irúgbìn rẹ̀ sì hù.

Torí náà, kí ẹ tó náwó lórí irúgbìn tí wọ́n ń tà nínú páálí, ẹ fi ilẹ̀ yín sílẹ̀ láìgé fún ọdún kan kí ẹ wo ohun tó máa jáde. Èmi ò fẹ́ràn irúgbìn àdàpọ̀ inú páálí yẹn. Nígbà míì òdòdó inú rẹ̀ kì í ṣe ti ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ fọ́n ọn sí, á tanná lọ́dún kan, á sì pòórá lọ́dún kejì.

Ejò àti ẹ̀fọn ńkọ́?

Omi tó dúró sójú kan ni ẹ̀fọn ń yé ẹyin sí: inú táyà, agolo, kòtò tó dí. Koríko gíga kọ́ ló ń bí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀fọn tó ti dàgbà lè fara pamọ́ síbẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ da omi nù kí ẹ tó dá koríko lẹ́bi.

Ti ejò, òótọ́ ni pé ó lè wà níbẹ̀. Ohun tí a ṣe sí i ni pé a gé ọ̀nà tó fẹ̀ gba àárín pápá, kí ẹsẹ̀ àti ojú lè ríran, a sì jẹ́ kí ibi gíga jìnnà sí ibi ìṣeré àwọn ọmọdé. Ẹ máa rìn lójú ọ̀nà. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀. Bí ẹ bá padà délé, ẹ wo ara yín àti ara ajá yín bóyá eégbọn wà níbẹ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí pé oyin á ta ọmọ mi.

Ẹ̀rù yẹn yé wa. Àmọ́ oyin tó wà nínú òdòdó, oúnjẹ ló ń wá kiri, kò wá ìjà. Nítòsí ilé wọn ni oyin tó ń gbé pọ̀ ti máa ń bínú. Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ń gbé nínú ihò igi tàbí abẹ́ àga, ẹ jìnnà sí i, kí ẹ tètè pè wá.

Ju gbogbo ẹ̀ lọ, oyin tó ń fún wa ní oyin tí à ń lá, oríṣi díẹ̀ péré ni. Oríṣi tó lé ní 20,000 ló wà láyé, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ń dá gbé, inú ilẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbẹ́ ihò sí. Wọn ò ní ilé ńlá tí wọ́n ń ṣọ́, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ta èèyàn. Ihò wínníwínní tí ẹ ń rí lórí ilẹ̀ tí koríko ò sí, tí erùpẹ̀ díẹ̀ yí ẹnu rẹ̀ ká, ó lè jẹ́ tiwọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dí i.

Nínú gbogbo ewéko tó ń tanná, nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 ló nílò kòkòrò, ẹyẹ tàbí ẹranko míì láti gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó kiri fún wọn. Oyin kì í rí àwọ̀ pupa dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń rí irú ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú èèyàn ò lè rí. Karl von Frisch, tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1973, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé oyin mọ àwọ̀. Àwọn òdòdó kan tó jẹ́ yẹ́lò ṣáá lójú tiwa ní àmì lára lójú oyin, tó ń júwe ibi tí omi dídùn wà fún un.

Kòkòrò ń jẹ ewé bómúbómú yín tán. Kí ló dé tí ẹ ò fín oògùn sí i?

Nítorí labalábá ni kòkòrò yẹn. Ẹ wò ó dáadáa: ó ní ìlà dúdú, funfun àti yẹ́lò yí ara ká, ó sì ní ìwo dúdú rírọ̀ méjì-méjì níbi mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá dàgbà, á di labalábá aláwọ̀ ọsàn tó ní dúdú àti funfun létí ìyẹ́. Oje funfun bómúbómú ní oró, kòkòrò náà sì ń tọ́jú oró yẹn sára. Ẹyẹ tó bá jẹ ẹ́ á bì, kò sì ní tún jẹ irú ẹ̀ mọ́. Ewé bómúbómú á padà yọ. Bí a bá fín oògùn, kò ní sí labalábá kankan.

Èwo ló ní oró fún èèyàn nínú wọn?

Oje bómúbómú, ẹ má jẹ́ kó kan yín lójú. Bó bá kàn yín, ẹ fi omi púpọ̀ fọ ojú náà, kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Gègémù náà wà, òdòdó rẹ̀ funfun, ó gùn bíi fèrè, èso rẹ̀ sì ní ẹ̀gún lára. Gbogbo ara rẹ̀ ló ní oró, irúgbìn rẹ̀ sì le jù. A máa ń yọ ọ́ kúrò níbi tí ọmọdé lè dé. Òfin kan ló wà fún ọmọdé nínú ọgbà: ẹ wo ó, ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ má fi sẹ́nu.

Mo máa ń sín bí mo bá wọ ọgbà. Ṣé òdòdó ló fà á?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ koríko tàbí igi. Lẹ́búlẹ́bú tiwọn fúyẹ́, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e, ó sì ń wọ imú. Òdòdó aláwọ̀ mèremère, lẹ́búlẹ́bú tiẹ̀ wúwo, ó ń lẹ̀ mọ́ kòkòrò. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ara á tù yín jù.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tàbí nígbà òtútù, kò sí nǹkan kan tí a lè wò ṣá?

Ó wà. Àwọn ẹyẹ ajẹ-kóró máa ń wá sórí òdòdó tó ti gbẹ láti ṣa irúgbìn, ìdí kan rèé tí a fi ń fi díẹ̀ sílẹ̀ láìgé. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá sì rọ̀ tán, ẹ wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Èsúnsún á ti jáde, ẹyẹ, alángbá àti ọ̀pọ̀lọ́ á ti kóra jọ síbẹ̀, olú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́yìn náà. Ẹ má ká olú tí ẹ ò mọ̀ jẹ o.

Kí ni kíkọ ọjọ́ tí òdòdó yọ sílẹ̀ wúlò fún?

Lọ́dún 1736, Robert Marsham, onílẹ̀ kan ní Norfolk, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọjọ́ tí àwọn àmì ìgbà ìrúwé ń yọjú sílẹ̀: òdòdó, ewé igi, ẹyẹ. Ìdílé rẹ̀ sì ń bá a lọ títí dé ọ̀rúndún ogún. Ní Kyoto, ní Japan, àkọsílẹ̀ ìgbà tí igi ṣẹ́rì ń tanná ti wà fún ohun tó lé ní ọdún 1200. Lọ́dún 2021, ó tanná tán pátápátá ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta, kò sì sí ọdún kankan ṣáájú nínú àkọsílẹ̀ náà tó yá tó bẹ́ẹ̀. Ká ní ẹnikẹ́ni ò kọ ọ́ sílẹ̀ ni, báwo là bá ṣe mọ̀ pé ojú ọjọ́ ti yí tó báyìí?

Ìwé kékeré kan tó. Ẹ kọ ọjọ́, ibi tí ẹ ti rí i, àti orúkọ òdòdó náà. Bí ẹ ò bá mọ orúkọ rẹ̀, ẹ ya fọ́tò òdòdó, ewé àti gbogbo igi rẹ̀, kí ẹ gbé e sórí iNaturalist, ìkànnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó mọ̀ ọ́n á bá yín wò ó. Ẹ má gba orúkọ tí ẹ̀rọ bá kọ́kọ́ dá lábàá láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Ṣé mo lè já òdòdó lọ sílé?

Ẹ jọ̀ọ́, rárá. Èyí tí ẹ já kò ní so.

Mo fẹ́ ṣa irúgbìn fún ẹ̀yìnkùlé mi. Báwo ni kí n ṣe é?

Ẹ kọ́kọ́ bi wá, torí àwọn ibì kan wà tí a kì í jẹ́ kí wọ́n ṣa. Níbi tí a bá gbà yín láyè, ẹ wá lọ́jọ́ tí oòrùn ràn, tí ìrì ti gbẹ. Ẹ mú díẹ̀ lára igi kọ̀ọ̀kan, ẹ má ṣa igi kan tán. Inú àpò bébà ni kí ẹ kó o sí. Ọ̀rá á jẹ́ kó làágùn, á sì bu. Ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ sí ara bébà náà, kí ẹ sá a sábẹ́ òjìji fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, tàbí tí òtútù bá ti lọ níbi tí wọ́n ti ní òtútù, ẹ ro ilẹ̀ kó mọ́ kedere, ẹ fọ́n ọn, kí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ẹ má fi erùpẹ̀ púpọ̀ bò ó, torí ọ̀pọ̀ irúgbìn wínníwínní nílò ìmọ́lẹ̀ kí wọ́n tó hù.